Píìnì Olówùú Pupa Tó Bọ́ Sórí Yìnyín

Barrie, Ontario,
Ọjọ́ kìíní, Oṣù Kejì.

Màmá Àgbà wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ibi tí òtútù ti ń bu ènìyàn jẹ bí ajá ìgboro. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ṣé ewúrẹ́ tí ẹ rà nígbà Àjíǹde ti ń fún yín ní wàrà, àbí ó ṣì ń jẹun lásán bí àlejò? Ara Màmá le, ara Doinița àbúrò mi le, èmi náà wà láàyè. Ó kàn rẹ̀ wá ni.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Tí ẹ bá pè, etí Màmá ni fóònù máa ń wà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó sì béèrè ni píìnì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Doinița. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè. Ẹ ka èyí tán ná.

Bí a ṣe ń gbé nìyí. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, mo ti ń fi ike ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì mọ́tò. Tó bá fi máa di aago márùn-ún, Doinița àti Graeme, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń jó, ti wà lórí yìnyín. Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi níbẹ̀. Èmi ni mo ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ń dán ojú yìnyín lẹ́yìn tí àwọn oníjó bá ti ha á yánnayànna. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ nípa ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, kí n lè máa yí po lójú kan bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń lọ ọkà. Àwọn ọmọdé máa ń juwọ́ sí mi. Èmi náà máa ń juwọ́ padà; ó wà lára iṣẹ́ náà.

Doinița ti gòkè, ẹ má ṣiyèméjì. Bàtà onírin tí ẹlòmíràn ti wọ̀ gbó ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ki ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́nu kí ó tó bá a mu. Lọ́dún àkọ́kọ́ òun àti Graeme nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ṣe ipò kẹtàdínlógún nínú méjìdínlógún, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ìkẹyìn dá. Lọ́dún kejì, wọ́n ṣe ipò kẹsàn-án. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gba ipò kìíní ní gbogbo Ontario. Olùkéde pe orúkọ ìdílé wa ní ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí èyí tó jẹ́ orúkọ wa níbẹ̀. Ẹ máa ń béèrè ìdí tí kì í fi í fò sókè bí àwọn tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ijó ni tirẹ̀, Màmá Àgbà. Àwọn yẹn ń fò. Àwọn tiwa gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn bí ẹni tó fẹ́ràn ara wọn, kí ẹsẹ̀ wọn má sì ta kora. Ó le ju fífò lọ.

Àmọ́ ọmọkùnrin tó ń jó lórí yìnyín wọ́n bí imí eégún, ẹ dákun. Ọmọbìnrin mọ́kànlá ló wá gbìyànjú pẹ̀lú Graeme kí ó tó kan Doinița, ìyá Graeme sì jókòó ti gbogbo wọn bí ẹni tó wá ra màlúù. Láti ìgbà náà, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, obìnrin yìí máa ń fi Doinița ti ògiri yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ògiri níbi tí orí rẹ̀ dé. Ọmọbìnrin tó bá ga jù, ọmọkùnrin kò ní lè gbé e. Lóṣù Kọkànlá, ìlà náà sún sókè ní ìka kan. Ó wo ìlà, ó wo Doinița, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí ni wọ́n ń fún ẹ jẹ nílé yín gan-an?” Doinița ní, “Mamaliga ni, mà. Àgbàdo ni wọ́n fi ń rò ó.” Ó ní, “Ẹ dín in kù.”

Lẹ́yìn Kérésì, ó sọ ọ́ gbangba níwájú kóòṣì pé tí wọn kò bá wọ ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Kánádà ní Moncton, òun ń mú ọmọ òun lọ sí Montreal. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó kúrú dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni Doinița, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti ń tẹ̀ba rìn nínú ilé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹrù yín dé: ìbọ̀sẹ̀ onírun, àti píìnì ńlá tí ẹ so òwú pupa mọ́ nítorí ojú ayé, kí ojú burúkú má bàa wo Doinița. Ilé àwọn arúgbó tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́ kò fún un láyè láti bá wa lọ. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú ló fi píìnì náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Sandu, inú aṣọ ni o, níbi ìbàdí, kí ojú má rí i.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá jẹ́ píìnì ló ń ṣe é, kí wá ni a ń jí ní ìdájí fún? Ó ní, “Ìwọ ṣáà fi í há a.”

Mo há a. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyẹn. Doinița ní, “Bọ̀ọ̀dá, tó bá gún mi, màá fi irin bàtà yìí tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀.” Ẹ̀rù bà mí kí ó má gún un lóòótọ́, nítorí náà etí aṣọ lásán ni mo há a mọ́, mi ò sì tẹ ẹnu rẹ̀ pa dáadáa.

Ijó àkọ́kọ́ dára. Ipò kẹta ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ijó ìkẹyìn kù díẹ̀ kó parí, Graeme gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èjìká, ó ń fi í yípo, nǹkan kan sì já bọ́. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí òwú pupa lórí yìnyín funfun, bí ekòló. Àwọn kò rí i. Irin bàtà tó bá gun orí píìnì, ẹni tó wọ̀ ọ́ á ṣubú. Wọ́n jó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì, mo ti di ojú mi.

Wọn kò ṣubú. Wọ́n jó o tán bí ẹni tí kò jí ní ìdájí rí. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ bọ́ lára aṣọ oníjó. Odidi máàkì kan ni wọ́n yọ. Ipò kẹrin ni wọ́n ṣe, ohun tí àwọn tó ṣe ìkẹta sì fi jù wọ́n lọ kò tó ìlàjì máàkì.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, rẹfirí gbé píìnì náà wá nínú ife ike, ó béèrè ẹni tó ni ín. Ìyá Graeme ti wo ìbàdí Doinița kí rẹfirí tó sọ̀rọ̀ tán. Doinița wolẹ̀. Èmi, Ọlọ́run rí mi, ẹ̀yìn kóòṣì ni mo sá sí. Graeme ló dáhùn.

“Tèmi ni. Ṣòkòtò mi ló já lẹ́yìn, mo fi há a.”

“Ṣòkòtò tí mo rán fúnra mi?”

“Òun náà ni, Mọ́mì.”

“Òwú pupa yìí ńkọ́?”

“Ẹ̀ṣọ́ ni.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti ní ẹjọ́ lẹ́nu gbé e mì. Kò lè sọ mọ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ló ba iṣẹ́ jẹ́, nígbà tó jẹ́ abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ló jẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà, mo bá ọmọ náà níbi tó ti ń nu irin bàtà rẹ̀, mo béèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Sandu, ọmọbìnrin mọ́kànlá ni mo ti bá jó níwájú ìyá mi. Ó ti rẹ̀ mí.” Ó nu irin náà síwájú sí i, ó wá ní, “Àwọn yẹn, tí a bá ṣe àṣìṣe, ìyá mi ni wọ́n máa ń wò. Èmi ni Doinița máa ń wò.”

Ìyá rẹ̀ kò dárúkọ Montreal mọ́. Ó ní kí wọ́n jọ máa jó di ọdún tó ń bọ̀. Ìparí oṣù pé lánàá, kò mú pẹ́ńsù jáde. Ní ìdájí òní, Doinița ti jókòó sínú mọ́tò kí n tó jáde nílé. Ó nà gbọọrọ, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

Màmá rò pé píìnì náà ṣì wà nínú aṣọ. Kò yẹ kí ọmọ ọlọ́mọ máa ru ẹ̀bi mi kiri, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin lẹ bí i, kò lè bá yín jà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí títí ẹ ó fi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ó máa fi Doinița han àwọn ará àdúgbò. Kí orúnkún yín gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì gbé yín padà. Kí ewúrẹ́ yín ronú pìwà dà.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín tí ń yí po lójú kan,
Sandu.

Mo tún rántí: mo béèrè píìnì náà lọ́wọ́ Graeme kí n lè dá a padà fún yín. Ó kọ̀. Ó ti fi í há inú ṣòkòtò rẹ̀, ó sì tẹ ẹnu rẹ̀ pa dáadáa. Ó ní nínú gbogbo wa, òun ni ojú ayé ń ṣọ́ jù, nítorí inú ilé kan náà ni òun àti ojú náà jọ ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí Doinița. Màmá ni yóò há a.