Òróró Àdúrà Lára Bíréèkì

                                        Ilé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Dansoman, Accra,
                                        Ghana.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Olútóyè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Bàbá ti gbà fún wọn láti rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn? Ooru Accra ń mú wa gan-an, ṣùgbọ́n ara le. Phoebe ìyàwó mi ní kí n kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́, nítorí ó mọ̀ pé n ó gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mi lálaalẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò yé mi. O mọ̀ pé Màmá mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà Kérésì. Mo ṣèlérí láti fi ọkọ̀ mi gbé wọn dé Àfúláò, ní ẹnu ibodè Ghana àti Togo, ní àná ọjọ́ Ẹtì, kí àbúrò wọn lè pàdé wọn níbẹ̀ kí wọ́n jọ máa bọ̀ nílé. Ọ̀nà náà jìn, ọkọ̀ mi sì ń gbọ̀n nígbàkígbà tí mo bá tẹ bíréèkì. Fítà, bí wọ́n ṣe ń pe mẹkáníìkì níbí, sọ pé dísìkì iwájú méjèèjì ti jẹ, àwọn irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, tí páàdì máa ń há mọ́ra kí ọkọ̀ tó dúró. Mo ní èmi fúnra mi ni n ó pààrọ̀ wọn. Mo ti kàwé lórí rẹ̀, mo ti wo fídíò mẹ́rin, mo sì rò pé ohun tí ènìyàn bá ti lè kà, ó lè ṣe é.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ra dísìkì àti páàdì tuntun lọ́wọ́ Abdul-Rahim, ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí sí Sabon Zongo ní Accra níbí. Ó kìlọ̀ fún mi pé òróró máa ń wà lára wọn láti ilé iṣẹ́ kí wọ́n má baà dípẹtà, pé kí n fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ kúrò, torí òróró àti bíréèkì kò gbọdọ̀ pàdé. Mo fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Mo de ti òsì, mo fi ti ọ̀tún àti páàdì rẹ̀ sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọlé lọ jẹ kẹ́ńkẹ́. Nígbà tí mo jáde, mo de ti ọ̀tún náà.

Bí mo ṣe wa ọkọ̀ dé orígun àdúgbò wa tí mo tẹ bíréèkì, ó ya sápá òsì bí ewúrẹ́ tí wọ́n fa okùn ọrùn rẹ̀. Èéfín díẹ̀ ń rú lára táyà ọ̀tún. Mo tú u, mo tún un dè. Bákan náà ni. Mo pe Abdul-Rahim lórí fóònù, mo sọ fún un pé ó tún ń rùn bí ìgbà tí ènìyàn ń dín nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wà nínú ààwẹ̀ o," ló wí. "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ dídín. Dísìkì ni mo tà fún yín, mi ò ta kelewele." Dòdò aláta tí wọ́n ń dín lójú títì níbí ló ń wí.

Mo búra fún un pé mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, kò dá èmi gan-an lójú mọ́ pé mo fọ̀ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo tú u lẹ́ẹ̀kẹta. Màmá gbé omi tútù wá fún mi, wọ́n dúró tì mí.

"Kò tíì dáa síbẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo òróró tí mo fi sí i?"

"Òróró wo, Màmá?"

"Òróró àdúrà mi ni. Èyí tó wà lórí tábìlì ni ọwọ́ mi tó. Mo fi pa á tinú tẹ̀yìn, mo fi pa àwọn kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà. Má dààmú, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́, n ó fi pa méjèèjì."

Mo mu omi náà tán. Èmi tí mo máa ń ṣiyèméjì bóyá òróró yẹn ń ṣe nǹkan kan, òun ló ń yí ọkọ̀ mi lójú títì. Wọ́n ní òótọ́ korò, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí a ṣe ń bù ú fún ìyá ẹni. Mo ra páàdì mìíràn, mo tún dísìkì náà fọ̀, ọkọ̀ sì ń dúró gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀, ìgò òróró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Màmá.

Phoebe ní, "Bàbá Ayọ̀mikún, tí ẹ ò bá sọ fún wọn, ẹ ò ní gbé wọn lọ. N ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pamọ́."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí ìjọba fún wa nísinmi, mo sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wò mí lójú.

"Ṣé tìtorí èyí lo ṣe ń sá fún ojú mi láti ọjọ́ Ajé?" ni wọ́n wí. "Ó dáa. Irin ò fẹ́ òróró. Na ọwọ́ rẹ wá. Ọwọ́ tó tún un ṣe ni n ó fi pa."

Mo na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n fi òróró pa á, wọ́n sì gbàdúrà pẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó kù kí n tú táyà wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo wá ọṣẹ, mo fọ ọwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́ kí n tó mú sípánà. Mò ń fọ̀ ọ́, mò ń wo ojú fèrèsé bóyá wọ́n ń wò mí.

Ní tòsí Sògákópé lánàá, màlúù mẹ́ta já wọ títì. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró láìyà sí ibì kankan. Màmá kò pariwo. Wọ́n kàn fọwọ́ lu ẹ̀yìn ọwọ́ mi pẹ́pẹ́. Nígbà tí a dé ibodè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń ro gbogbo rẹ̀ fún àbúrò wọn: "Díẹ̀ ló kù kí n fi àdúrà pa ọmọ mi." Wọ́n wá gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ọwọ́ tí àwọn fi òróró pa ló gbé àwọn dé. Àbúrò wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Wọ́n sọ àṣìṣe tiwọn lójú gbogbo ayé. N kò sọ tèmi. Èwo nínú àwa méjèèjì ló wá mọ òótọ́?

Bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé. Màmá yóò wá kí yín tí wọ́n bá sinmi tán, wọn yóò sì sọ ìtàn yìí fún ọ. Jọ̀wọ́, má sọ fún wọn pé mo fọ ọwọ́ mi. Tàbí kí o sọ ọ́. N kò mọ̀.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Akínlabí.