Mo Ti Kó Obì Sínú Yàrá Rẹ

Lásúnkànmí ọmọ ọmọ mi, mo kí ọ àti ìyàwó rẹ. Mo ti délé sí Ṣàgámù. Ọyẹ́ le níbí, kò jọ ooru Kérésì yín ní Ọsirélíà. Orúnkún ń dùn mí. Ẹ fi oògùn ránṣẹ́.

Torí kí n lè mú ọ padà wálé ni mo ṣe wá. Wọ́n ní o ti di òyìnbó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Kérésì, o dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí iyanrìn etí òkun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń rẹ́rìn-ín, o ò dìde títí mo fi súre tán. Gbogbo Sábó ti gbọ́.

Dúró ti iṣẹ́ rẹ. Mo ti kó obì sínú yàrá rẹ tí mo ń tì pa dè ọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ̀wé ṣáájú, kí n lè kó o kúrò.