Gìtá Tí Bàbá Ní Kí O Wá Ta

Palani àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Las Vegas. Gbogbo ará ilé ní Waiʻanae ń kí yín. Òjò ti ba kókò ẹ̀yìnkùlé jẹ́. Orúnkún ṣì ń dun Àǹtí Healani, ṣùgbọ́n kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ.

O kì í gbé fóònù mi, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé. Bàbá ní òun ò lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Dókítà ní kò lè pẹ́ mọ́.

Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́ pé kò fọwọ́ kan gìtá olówó ńlá tí o rà fún un. Lánàá, ó ní kí n gbé ti àtijọ́ lé òun nítan, àlòkù olówó pọ́ọ́kú tó ń kùn bí oyin, tí ike ara rẹ̀ ti ń bó. Ó gbé irin tí a fi ń ta á lé okùn kó fà á, irin já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ohùn ti Palani mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò mọ ẹkún ún sun. Èyí ni mo fi kọ́ ọ ní gìtá. Ní kó wá ta á fún mi."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ta á."

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí n kú lónìí ni?"

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

Jọ̀ọ́, máa bọ̀. Bí o bá dé tí kò sí mọ́, ṣáà ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Kí Ọlọ́run sìn ọ́ wálé, kó má sì jẹ́ kí o pẹ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Puanani