Ikọ́ Tí Tábà Bò Mọ́lẹ̀

Bàbá mi, olórí kunkun tó bí olórí kunkun,

Mo kí yín o. Adúkẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Láti Savalou, níbi tó ti ń ránṣọ, ló ti wá wò mí. Mo ní kó jókòó, kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má bá mi tún un ṣe. Ẹ kò rán mi nílé ìwé. Ẹ ní ọwọ́ tó bá ti mọ gègé í mú kò ní fẹ́ mú ọkọ́ mọ́. Ọwọ́ mi rèé lónìí, ọkọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, n kò sì bá yín jà lórí ìyẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ìdòwú ni mo fẹ́ bá yín sọ, ọmọ ìkẹyìn yín, tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ. Díẹ̀ ló kù kó wá bá yín lọ́hùn-ún ṣáájú mi. Mi ò gbà.

Ìkòkò tábà yín wà lọ́wọ́ mi, èyí tí etí rẹ̀ fọ́ lápá kan. Láti ìgbà tí mo ti di àgbà ni mo ti ń ṣe bí ẹ ti ń ṣe: bí abúlé bá pé jọ lábẹ́ máńgòrò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí àgbà yóò fi tan iná sí tábà, tí yóò fà á, tí yóò gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e, títí yóò fi yí àwọn àgbà ká. Èéfín á gòkè, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin máa ń gbọn eérú rẹ̀ sára gìgísẹ̀, ẹ ó wúkọ́, kí ẹ tó lanu. Ikọ́ tábà la máa ń pè é. Bí mo bá gbọ́ ọ ní kùtùkùtù, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé bàbá mi ti jí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n lu agogo. Òfin méjì ti jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ará mérì, ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Bantè. Àkọ́kọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má fa tábà mọ́ níbi tí èèyàn bá pé sí: ọjà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, títí kan abẹ́ máńgòrò wa. Ìkejì ní kí ilé tí èéyi bá wà, tàbí àrùn onígbáméjì, tàbí ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, tètè sọ fún ilé ìwòsàn Atokoligbé, kó má fi í pa mọ́.

Inú bí mi. Mo béèrè bóyá àwọn ará mérì ló bá mi gbin tábà tí mò ń fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rò ó. Èmi ni mò ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ nínú agbo ilé. Bí mo bá fọ́ òfin ìlú lójú wọn, ẹnu wo ni n ó fi pàṣẹ mọ́? Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá, ṣé ẹ̀ bá tẹ̀lé e? Lóko nìkan ni mo ń fà á báyìí, níbi tí kò sí ẹlòmíràn ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ màlúù tó jẹ gbágùúdá wa la fẹ́ sọ. Mo yọ ìkòkò jáde nínú àpò. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo dá a padà.

“Àgbà, èéfín dà?” Bàbá Ṣàbí ló béèrè, òun ló tẹ̀lé mi lọ́jọ́ orí.

“Ó lọ tọrọ àyè ní Bantè.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìdòwú ti wúkọ́.

Ó ti pẹ́ tó ti ń wú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí tábà ń yí ká, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ṣàbí á ní, “Ìdòwú, tábà ẹ̀gbọ́n rẹ ju agbára rẹ lọ o!” A ó rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí kò sí tábà. Ó wúkọ́ títí ó fi tẹ̀ síwájú, tó di gbòǹgbò igi mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Eruku ni,” ló wí.

“Eruku wo, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá?” mo bi í.

Mo wo ẹ̀wù tó rán fún ọdún iṣu. Ó ti fẹ̀ jù ú lọ.

Mo ní ká lọ sí Atokoligbé. Ó kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ikọ́ ife wà nílé òun, ta ni yóò ra gàrí ìyàwó òun? Ta ni yóò fẹ́ ọmọ òun? Ó ní kí n bo àṣírí òun. Bàbá, òótọ́ ló sọ, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ wa pé a kì í tú àṣírí ọmọ ìyá ẹni síta. Ṣùgbọ́n àṣírí tó ń jẹ ẹran ara ọmọ yín, báwo ni mo ṣe fẹ́ bò ó?

Ní ọjọ́ kejì mo gun sẹ́mìjàn, alùpùpù tó ń kó èrò, mo lọ. Májọ̀, bí a ti ń pe olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ọmọ Mahi ni láti Savalou. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹ̀gún, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́.

“Mo wá fi ẹjọ́ àbúrò mi sùn,” mo wí.

“Kí ló ṣe, Bàbá?”

“Ó ń wúkọ́.”

Ó dìde, ó mú akoto rẹ̀, ó gbé mi wálé lórí alùpùpù tirẹ̀. Nígbà tí Ìdòwú rí wa, ó pariwo:

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ lọ fi ẹjọ́ mi sun ìjọba bí ẹni tó jí ewúrẹ́!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Gun alùpùpù.”

“Mi ò lọ.”

“Èmi náà ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ, títí iṣu yóò fi hù lára mi.”

Ó mọ̀ mí. Ó gùn ún.

Ikọ́ ife ni. Wọ́n fún un ní oògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, mo gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìnkùlé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe fún mi!” Itọ̀ rẹ̀ pupa bí omi ìṣápá. Májọ̀ ní bí oògùn náà ti ń ṣe nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Òun kò rẹ́rìn-ín. Odindi ìgbà òjò ló fi ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Láràárọ̀ mo ń lọ wo bó ti ń gbé e mì, á gbé e mì, á yíjú sẹ́yìn.

Ní ọjà Savalou, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún gàrí ìyàwó rẹ̀. Adúkẹ́ gbọ́. Ó lọ síbẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jẹ ẹ́ gbígbẹ lójú gbogbo wọn, ó ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù kó wá wo bóun yóò ṣe kú. Kò fẹ́ kọ ibí yìí, èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ọmọ ọmọ yín ni.

Májọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹnìkan ti wúkọ́ bẹ́ẹ̀ rí nílé wa, tó rù, tó ń làágùn lórí ibùsùn. Ẹ̀yin ni mo rántí; tábà la sọ pé ó pa yín. Bàbá, ṣé tábà ló pa yín lóòótọ́? Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ fi pa mọ́ nítorí gàrí ìyá wa?

Wọ́n ti yẹ Ìdòwú wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ikọ́ ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wa iṣu, ó ru ú láti oko dé àká láìsinmi lọ́nà, ó wá dúró níwájú mi, ó ń mí bí ọ̀dọ́kùnrin. Kò dúpẹ́. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, Bàbá Ṣàbí ń wúkọ́ o.”

“Ṣé ó ti gbà láti lọ?”

“Ó ní eruku ni.”

Bàbá, ojú mi kún fún omi.

Láti àárọ̀ yìí ni Ìdòwú ti gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ṣàbí. Ohùn wọn ń dé ibí, wọ́n ń bú ara wọn. Adúkẹ́ ní ìwé ti ń kún, mo sì fẹ́ lọ gbé àga tèmi jókòó ti àbúrò mi. Ṣàbí mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Yóò gbà.

Ẹ máa sinmi, ẹ má dúró de Ìdòwú.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín títí dòní.