Ọkọ̀ Tí Ó Padà Sí Èbúté

Ojúlé Kọkànlá,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Kékeré,
Gadumo, Lokoja,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Èbúté,
Lokoja,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÌWÉ LỌ-RỌ́KÚN-NÍLÉ TÍ Ẹ FÚN OLÚWATÌMÍLẸ́HÌN ÀYÀNDÉLÉ NÍTORÍ BÀÁLÙ TÍ Ó HÁYÀ

1. Èmi ni ìyá Bàsítì Àlí, aṣọ́lé ẹgbẹ́ yín. Iléeṣẹ́ ọba ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú lẹ́tà báyìí ni mo sì ń tẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà mo mọ̀ pé èyí tó bá gùn jù, abẹ́ fáìlì mìíràn ni wọ́n máa ń tì í sí. N ó gbìyànjú. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹ má ṣe lé Tìmílẹ́hìn kúrò nínú ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Ẹtì.

2. Ẹ mọ Tìmílẹ́hìn jù mí lọ. Ọmọ Yàgbà tí wọ́n bí sí àdúgbò Crusher ní Lokoja níbí ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà wálé, ó sì gbé orúnkún tí kò fẹ́ ìrìn àjò gígùn bọ̀. Bí ó bá ká a sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, yóò wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi. Ìdí nìyí tí òun àti àwọn agbábọ́ọ̀lù yín méjì mìíràn, tí àwọn náà ti gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun rí, fi ń dá owó jọ háyà bàálù kékeré bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá bọ́ sí ìlú tó jìnnà. Wọn a fi ọkọ̀ dé Àbújá, wọn a sì gbéra níbẹ̀.

3. Kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí ẹgbẹ́ lọ sí Kánò ní sáà tó kọjá, ẹ̀yin fúnra yín bá wọn wọ bàálù náà, mo sì gbọ́ pé ẹ yin atẹ́gùn inú rẹ̀ fún àwọn èèyàn nígbà tí ẹ dé. Kò sí ẹni tó ka òfin kankan sí wa létí lọ́jọ́ náà.

4. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní Sókótó lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn yòókù wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ mi sì wà láàárín wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí Sókótó kò jìnnà mọ́, táyà iwájú bẹ́, bọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Bàsítì jókòó sí, irin àti gíláàsì sì ya ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ní ilé ìwòsàn kékeré kan dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó fún un ní oògùn oorun, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá: iṣan ọwọ́ náà ti já, ẹni tí òun mọ̀ tó lè so wọ́n pọ̀ wà ní Èkó, bí ó bá sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e débẹ̀, ọwọ́ náà kò ní lè di nǹkan mú mọ́. N kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún yín ohun tí aṣọ́lé ń fi ọwọ́ ṣe.

5. Bàálù ti gbé Tìmílẹ́hìn dé Sókótó ṣáájú wọn. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní kí awakọ̀ òfuurufú gbé Bàsítì lọ sí Èkó bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Awakọ̀ náà ní orúkọ Tìmílẹ́hìn ló wà lórí ìwé háyà, pé òun kò lè gbéra láìsí ẹni tó háyà òun nínú ọkọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá pe Akọ̀wé yín lórí fóònù, Akọ̀wé sì ní agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdó. Tìmílẹ́hìn lọ. Wọ́n na ẹgbẹ́ wa nínú bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí bí ó ṣe dùn yín.

6. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fún un pé ó yẹ kí ó ti padà dé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá a dúró. Èmi ṣì wà lójú ọ̀nà láti Lokoja sí Èkó, mo ń sunkún nínú ọkọ̀ èrò, àwọn tí n kò mọ̀ rí ń bá mi ṣe àdúrà lédè Ebira àti Haúsá. Ilé ìwòsàn kò sì ní fi abẹ kan ọwọ́ náà láìjẹ́ pé ẹbí kan bu ọwọ́ lùwé. Tìmílẹ́hìn ló bu ọwọ́ lù ú. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ó jẹ́ sí aláìsàn, ó kọ ‘ẹ̀gbọ́n’ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba ìwé náà ló sọ ọ́ fún mi. Ó wo Àyàndélé, ó wo Àlí, ó wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Tìmílẹ́hìn dá a lóhùn pé ọkọ̀ kan náà ló gbé àwọn wá.

7. Ẹ̀sùn tí ẹ kọ́kọ́ fi kàn án ni pé ó rú òfin tí a kùn sára ògiri ọ́fíìsì yín àti sára bọ́ọ̀sì: Ọkọ̀ kan ni a ó wọ̀. Ẹ ní bọ́ọ̀sì ni ọkọ̀ tí òfin ń wí. Ẹ̀yin Ọ̀gá, nígbà tí wọ́n ṣe òfin yìí, ẹgbẹ́ kò ní bọ́ọ̀sì, kò tilẹ̀ ní kẹ̀kẹ́. Ó dá mi lójú, nítorí bàbá mi ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

8. Jímọ́ọ̀ ni orúkọ bàbá mi. Àwọn oníṣòwò tó ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lokoja àtijọ́ ló bí i, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yìí. Láyé ìgbà náà, wọn a máa sọdá odò lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ṣíntákù. Bàbá mi ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀. Bí ọjọ́ bọ́ọ̀lù bá pé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a wọ̀ ọ́, wọn a sọdá, wọn a jókòó sábẹ́ igi ní òdìkejì, wọn a máa jẹ ẹja díndín, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń wá ọkọ̀ háyà ní èbúté. Ní ọjọ́ kan, àwọn tí kò rí ọkọ̀ pọ̀ ju àwọn tó sọdá lọ. Síbẹ̀, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà. Iye góòlù tó wọlé wọn lọ́jọ́ náà, bàbá mi kò sọ ọ́ fún wa títí ó fi kú.

9. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Wọn kò dáná sun ọkọ̀ bàbá mi, wọn kò ní kí ó tà á, wọn kò sì ní kí òun náà máa dúró ní èbúté de ọkọ̀ háyà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí ó bá ti sọdá, kí ó dá ọkọ̀ padà wá gbé àwọn tó kù, kí ó máa lọ, kí ó máa bọ̀, títí èrò yóò fi tán ní èbúté. Ibẹ̀ ni Ọkọ̀ kan ni a ó wọ̀ ti wá. Bàbá mi ṣàròyé títí pé ẹgbẹ́ ti lo ọkọ̀ òun gbó, ṣùgbọ́n ó ń dá a padà.

10. Nínú èdè wa, èyí tó ń léfòó lójú odò, ọkọ̀ ni. Èyí tó ń sáré lórí ọ̀dà, ọkọ̀ ni. Èyí tó ń fò, ọkọ̀ náà ni. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ní òun nìkan ni òfin mọ̀. Bí a bá ka òfin náà bí àwọn tó ṣe é ṣe kà á, Tìmílẹ́hìn ti sọdá, ó sì dá ọkọ̀ padà wá gbé ẹni tó kù ní èbúté. Àwọn méjì tí wọ́n jọ háyà bàálù náà dúró gbá bọ́ọ̀lù ní Sókótó, ìkìlọ̀ lásán ni ẹ sì fún wọn. A jẹ́ pé wíwọ bàálù kọ́ ló bí yín nínú. Dídá a padà ni.

11. Kí ó má dà bí ẹni pé mo ń polówó bàálù, n kò fara mọ́ ọn rárá kí agbábọ́ọ̀lù ra tirẹ̀. Bàálù kì í ṣe ewúrẹ́ tí a lè so mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí ó máa wá oúnjẹ ara rẹ̀ kiri. Bí kò tilẹ̀ fò, ó ń jẹun, ẹsẹ̀ tó ń bọ́ ọ kò sì ní lágbára títí ayé. Kí wọ́n háyà á tó, kí wọ́n sì jọ háyà á ló sàn jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá háyà á, kí àga má ṣófo nínú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: nígbà tí bàálù yẹn ń lọ sí Sókótó, àga wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé, ọmọ mi sì wà nínú bọ́ọ̀sì tí táyà rẹ̀ ti pá. Inú bí mi sí i. Lẹ́yìn tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tìmílẹ́hìn tán ní ilé ìwòsàn, mo sọ fún un lójúkojú pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Tìmílẹ́hìn ti bẹ Ìgbìmọ̀ ṣáájú pé kí ẹ máa yan ẹni tí yóò jókòó sí àwọn àga wọ̀nyí, kí ó máa kárí, ẹ sì kọ̀, ẹ ní yóò dá ìlara sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ì bá ti kan Bàsítì lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń rò ó.

12. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fa ìwé lọ-rọ́kún-nílé náà ya, kí ẹ sì dá Tìmílẹ́hìn padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin tí ẹ fẹ́ ṣe pé agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ háyà bàálù mọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ ṣe èyí tí àwọn àgbà ṣe fún bàbá mi: ẹni tó bá háyà, kí ẹgbẹ́ máa pín àga tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ ra táyà.

13. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ Ajé, Akọ̀wé yín mú ìwé wá sílé wa, ó ní kí Bàsítì bu ọwọ́ lù ú pé òun kò bẹ Tìmílẹ́hìn pé kí ó gbé òun lọ sí Èkó. Òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun kò lè bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ náà, ìka rẹ̀ sì ti ń ká. Ó ti lè di ṣíbí mú. Kò tíì lè di bọ́ọ̀lù mú. Láàárọ̀ yìí mo bá a níbi tí ó mú bírò, tí ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ léraléra. Mo bi í bóyá ìwé Akọ̀wé ni ó fẹ́ bu ọwọ́ lù. Ó ní rárá, ó ní lẹ́tà tèmi ni. Mo dá ìwé yín padà pẹ̀lú èyí, bí ẹ ṣe mú un wá náà ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ìyá.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ọjọ́ Ẹtì,

Jẹ̀mílátù Àlí (Hájíyà),
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì,
Ọmọ Jímọ́ọ̀ ọlọ́kọ̀.

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ìyá mi kọ:

Bàsítì Àlí,
Aṣọ́lé.
Ẹ má bínú pé ó wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ ọ́.