Ẹ Ní A Ti Kọjá Afárá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kìlọ̀ fún yín o: bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni, ẹ pa ìwé dé. Ọkọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Ojú Fèrèsé, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti dágbére fáyé. Ọdún márùn-ún! Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ló sọ yín lórúkọ yẹn, torí ẹ kì í jókòó síbòmíràn.

Àkọ́bí wa ti di ìyá ọmọ. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀ láìní òrùlé, a ti kàn án. Mi ò ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi rí, àfi ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún tí mo bá wọ ọkọ̀ wa.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò yín, awakọ̀ ojú títì, ní, "Ìyàwó wa, wákàtí mẹ́rìndínlógún nínú irin! Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni yín ni?" Ọmọ yín gbè é lẹ́sẹ̀: "Màámi, ẹ̀yin tí ìró ilẹ̀kùn ń já láyà!" Wọ́n ní bí ọwọ́ mi bá fi lè gbọ̀n nígbà tí mo bá dé lọ́dún yìí, ìrìn àjò náà parí nìyẹn.

Lóòótọ́, ojo ni mí. Ẹ mọ̀. Ìwé mi ò pọ̀, ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo lọ!

Mo lọ o! Tíì ń mì nínú ife. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí bó ọsàn, ó fún mi níbẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni: aṣọ lórí okùn, bàbá kan tó ń fá irùngbọ̀n nínú oòrùn. Ọkọ̀ dúró sáàárín pápá láìnídìí, kò sẹ́ni tó bínú. Ibo lèèyàn tún ti lè jókòó látàárọ̀ kí wọ́n má pè é lọ́lẹ? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́: a jókòó, síbẹ̀ à ń rìn!

Afárá wá dé. Ṣé ẹ rántí? Èmi á dijú pinpin, ẹ̀yin á di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ẹ ó ní, "Ó tán, a ti kọjá." N ó lajú, omi ṣì wà nísàlẹ̀ rẹpẹtẹ! N ó gbá yín léjìká, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún lẹ ń pa irọ́ yẹn, ọdọọdún ni mo ń gbà á gbọ́.

Látìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń purọ́ fún mi mọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dijú títí dé ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún yìí, mo di ọrùn ọwọ́ ara mi mú. Mo ní, "A ti kọjá." Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo lajú, omi ṣì wà nísàlẹ̀ rẹpẹtẹ, mo sì ń wò ó.

Ọwọ́ mi gbọ̀n títí mo fi délé. Mi ò fi pa mọ́. "Ẹ ò rí i," ni àbúrò yín wí, "ó parí." Mo ní kò parí! Ṣé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kì í wọkọ̀ ni? Mo gbé àpò ìrìn àjò mi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, níbi tójú gbogbo wọn á ti máa tó o.

Àárò yín ń sọ mí, ọkọ mi. Ìfẹ́ yín ò dín, kò sì ní dín.

Ọmọ wa wá rọra bi mí: "Màámi, kí lẹ wá rí lórí afárá?"

Mo ní bàbá rẹ̀ ló ni ohun tí mo rí.