Àrọ̀ Inú Ilé-Gíláàsì

Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà, 2025

Wọ́n gbé àpótí ẹja dé. Ilé-Gíláàsì ni mo sọ ọ́. Ó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀. Jọlá ọmọ mi dúró tì í títí bàbá rẹ̀ fi wá gbé e padà sí Àpáta lágogo mẹ́fà. Ọ̀gá Àpáta ò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó kàn tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ mi ti pé mọ́kànlá. Láti ìgbà tí ilé wa ti tú, Sátidé nìkan ni mo fi ń rí i. Àwọn àgbà ti ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ la máa jókòó, ká bi òun fúnra rẹ̀ ibi tó fẹ́ máa gbé tó bá wọ JSS 1. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, iná kì í lọ. Ìyàwó tuntun mọ kéèkì ṣe. Kí ni èmi ní? Ẹja. Ẹja tí kò tíì dé.

Jọlá kọ òfin sínú bébà, ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Nọ́ńbà kìíní: Èyí tó bá lè wọ ẹnu ẹlòmíràn, ẹ má kó wọn pọ̀. Nọ́ńbà kejì: Kí omi kan náà bá gbogbo wọn lára mu. Nọ́ńbà kẹta: Ẹ má mú oníjà.

Ajé, 23

Dùgbẹ̀. Àkànó tó ń ta ẹja tí a kì í jẹ bi mí ní ìbéèrè ju èyí tí pásítọ̀ bi mí kó tó so èmi àti Ọ̀gá Àpáta pọ̀. Bóyá bó ṣe yẹ kí pásítọ̀ ṣe é nìyẹn. Ó ní kí n mú níọ̀nù mẹ́jọ, àwọn wẹ́wẹ́ tó ní ìlà búlúù lára, torí wọn kì í dá gbé. Gọ́pì mẹ́fà, àwọn onírù bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ́ńjẹ́ẹ̀lì, ẹja pẹlẹbẹ, ẹyọ kan péré, kí n sì máa ṣọ́ ọ tó bá dàgbà, torí ó lè gbé àwọn wẹ́wẹ́ mì. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má fi ẹja míì kún un láìbi mí.”

Àbámẹ́ta, 28

Jọlá sọ ẹ́ńjẹ́ẹ̀lì ní Madam, ó ní ó ń rìn bíi hẹdimísírẹ́ẹ̀sì wọn. Iwájú àwọn ẹja ló ti jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ibí yìí dáa.” Mo sáré wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù keje

Iná ò sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́. Omi ti rí bí omidùn. Màámi, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi gbé, ní àwọn ò fọ kànga ilé wa rí, àrọ̀ inú rẹ̀ ló ń jẹ gbogbo ìdọ̀tí àti kòkòrò. Òótọ́ ni. Omi kànga yẹn la mu dàgbà. Mo máa ń ju ẹ̀bà sí i. Màámi tún ní, “Kànga ni mo sọ o. Mi ò mọ ti gíláàsì.”

Èmi ni mo lọ gba ọmọ àrọ̀ kan lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń sin ín sẹ́yìnkùlé. Kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Onírùngbọ̀n ni mo sọ ọ́. Mi ò pe Àkànó.

Àbámẹ́ta, 5

Jọlá ò wá. Wọ́n ní ó lọ síbi ọjọ́ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 8

Omi ti mọ́. Onírùngbọ̀n ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, abẹ́ òkúta ló ń sùn látàárọ̀ dalẹ́. Níọ̀nù méje ni mo kà. Mo tún un kà. Méje.

Àbámẹ́ta, 12

Níọ̀nù mẹ́ta. Kò sí òkú kankan — mo wo abẹ́ àga, mo wo ẹ̀yìn àpótí. Jọlá kà wọ́n, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo ní Madam ni, Àkànó kúkú ti kìlọ̀. Ó ní, “Madam ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì.” Mi ò sọ fún un pé ẹnì kan wà lábẹ́ òkúta. Kí ló dé tí mi ò sọ?

Ajé, 14

Níọ̀nù ti tán. Mo yọ Madam síta, mo fi í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 16

Madam kú.

Ọjọ́bọ̀, 17

Òjò ṣú lọ́sàn-án, pálọ̀ ṣókùnkùn. Onírùngbọ̀n jáde. Ìrù gọ́pì kan ṣì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe wà nígbà tí mo mú un wá. Òfin nọ́ńbà kìíní wà lókè orí rẹ̀ gan-an, lọ́wọ́ ìkọ̀wé ọmọ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Madam ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo pa á. Ayé sú mi.

Àbámẹ́ta, 19

Mo parọ́ pé ara mi ò yá, kí wọ́n má gbé e wá. Sátidé kan nínú ìwọ̀nba tó kù, mo fọwọ́ ara mi dà á nù.

Ìṣẹ́gun, 22

Ó ku àrọ̀ nìkan. Mo pe Àkànó. Kò ní ẹ́ńjẹ́ẹ̀lì, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá ní, “Àǹtí, ṣé ẹ bi mí?”

Àbámẹ́ta, 26

Àwọn àgbà dé, ilé kún. Jọlá ò kí ẹnikẹ́ni, ìdí gíláàsì ló gbà lọ. Ó ní ta ló fi àrọ̀ síbẹ̀. Mo la ẹnu. Màámi ti sọ ọ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ: “Èmi ni, ọmọ mi. Bí a ṣe ń ṣe nínú kànga wa ni mo ṣe. Èmi náà ni mo yọ Madam síta.” Mo pa ẹnu dé.

Jọlá sunkún débi pé èsúkè mú un. Nígbà tí àwọn àgbà bi í ibi tó fẹ́ máa gbé, ó nu ojú, ó ní, “Ọ̀dọ̀ Mọ́mì. Mọ́mì máa ń tẹ̀ lé òfin mi.” Ọ̀gá Àpáta dìde, ó lọ gbé báàgì ọmọ wọlé látinú mọ́tò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Jọlá kọ nọ́ńbà kẹrin: Kí Màmá Àgbà má fọwọ́ kàn án. Ó na bébà náà sí mi, mo sì bá a lẹ̀ ẹ́.

Àìkú, 27

A dá àrọ̀ padà fún aládùúgbò. Nígbà tí Màámi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n fi awò ojú wọn ka àwọn òfin ara gíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní àwọn ìyá ìjọ ń retí àwọn nílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Ajé, 28

Mo sin Màámi dé gáréèjì Òjòó. Mo ní mo máa jẹ́wọ́ fún ọmọ. Wọ́n ní, “Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ti dé, jẹ́ kó jókòó.” Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gbé báàgì wọn lé ẹsẹ̀. Wọn ò wẹ̀yìn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Mo délé. Jọlá ní ṣé Màmá Àgbà bínú ni. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, ṣé a lè lọ sí Dùgbẹ̀ báyìí, bóyá Àkànó ti rí Madam mìíràn.

Mo lọ wọ bàtà mi.